Àmín Tí Tẹ́júọlá Ṣe ní Òkè-Ìlá

Ọdún tí ọkọ Tẹ́júọlá kú náà ni ibà dá òun fúnra rẹ̀ wó, nígbà tí ibà ọ̀hún sì máa lọ, ó gbé etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Àwọn ará ilé ọkọ ní opó tí kò gbọ́ igbe kò lè tọ́ ọmọ. Àǹtí Dinah, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, bá mú Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ Tẹ́júọlá, lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú. Ó ní ọjọ́ tí etí ìyá rẹ̀ bá là, kó wá mú un.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni Tẹ́júọlá ṣe gbà kí wọ́n la ẹ̀yìn etí òun ní Ìbàdàn, kí wọ́n gbin ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí i. Ó rò pé bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà báyìí, ọ̀rọ̀ yóò máa wọlé bíi ti àtijọ́. Ariwo ló bá níbẹ̀. Ohùn ènìyàn ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìdí ìkòkò. Dókítà ní kó máa kọ́ ọ̀rọ̀ gbígbọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìlá, Faith tí wọ́n jọ ń ránṣọ a fi aṣọ bo ẹnu, a máa dárúkọ nǹkan: okùn, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì. Tẹ́júọlá a máa tún un pè títí orí yóò fi máa fọ́ ọ.

Ìkíni ló kọ́kọ́ mọ́ ọn létí. Ìkíni ní ipa tó ń tọ̀. Ẹni tó bá béèrè iṣẹ́, ilé ló kàn tí yóò béèrè. "Tẹ́jú ti ń gbọ́ràn," ni gbogbo àdúgbò ń wí. Faith nìkan ló mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìkíni, ojú ọ̀rẹ́ òun a máa lé ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kiri.

Ìròyìn dé ilé ọkọ. Wọ́n pe ìpàdé sí ilé Bàbá Àjíṣafẹ́, àgbà ẹbí, ní Òkè-Ìlá. Àǹtí Dinah mú ọmọ náà wá, tòun ti báàgì rẹ̀. Tẹ́júọlá kúnlẹ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ló sì ṣe rẹ́gí.

"Ìyàwó wa, etí rẹ mà ti mú ju tèmi lọ," ni Àǹtí Dinah wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń kù, eyín iwájú bàbá ti ká tán, ó tún dorí kodò. Gbogbo ohùn di ọ̀kan. Ó ṣe Tẹ́júọlá bíi kó ní kí wọ́n tún un sọ, àmọ́ bí wọ́n bá mọ̀ pé kò gbọ́, ọmọ lọ nìyẹn. Ó rí i tí bàbá gbé ọwọ́ sókè, tí ẹnu àwọn yòókù ń ṣe àmín. Àdúrà ni. Òun náà ṣe àmín, ó sì fi "Ẹ ṣeun, sà, ẹ ó pẹ́ fún wa" tì í.

Nígbà tí wọ́n dìde, ó gbé báàgì ọmọ rẹ̀. Àǹtí Dinah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo lò ń gbé e lọ, Ìyàwó?" Ó kọjú sí i, ó ń fa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bàbá ní kó jókòó sọ́dọ̀ mi títí yóò fi parí ìwé mẹ́wàá, pé Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wa sí láti rí i. O sì ṣe àmín. Àbí o kò gbọ́ ni?"

Gbogbo ojú yí sí i. Bó bá ní òun kò gbọ́, adití ṣì ni, kò sì ní lè tọ́ ọmọ. Bó bá ní òun gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọmọ sílẹ̀.

"Mo gbọ́, mà."

Moyọ̀sọ́rẹ sún mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Màámi, ṣé lóòótọ́ lẹ gbọ́ ohun tí Bàbá wí kí ẹ tó ṣe àmín?"

Ohùn ọmọ náà wọlé ketekete. Tẹ́júọlá kò tilẹ̀ wo ẹnu rẹ̀. Àǹtí Dinah ṣì ń wò wọ́n.

"Mo gbọ́."

Ọmọ náà gba báàgì lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀, ó gbé e lọ sídìí mọ́tò tó gbé wọn wá láti Ọ̀tan.