Rìbọ́ọ̀nù Àlejò Láyà Ọmọ Onílé

Ohùn Káfíńtà ọkọ rẹ̀ tí Ìyá Aránṣọ gbọ́ kẹ́yìn ti gbẹ, bí ohùn ẹni tó rìn jìnnà nínú oòrùn. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni. Ó gbé ife omi sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n Káfíńtà yí ẹnu kúrò.

"Bá mi mú Òpéléngé padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Má bá a ṣàròyé. Ṣáà mú un wọlé."

"Mo ti gbọ́. Mu omi ná."

Kò mu omi náà. Kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Òpéléngé ni àbúrò Káfíńtà. Bíríkìlà ni, òun ló sì mọ ògiri tó yí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wọn ká. Nígbà tí ògiri ọ̀hún sán, alága ìgbìmọ̀ dìde níwájú ìjọ, ó ní bí ọ̀mùtí bá mọ ògiri, ògiri náà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ Òpéléngé kì í fẹnu kan ọtí! Láti ọjọ́ náà, kò tẹ ibẹ̀ mọ́. Alága ti kú, fadá ìgbà yẹn ti lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò kú. Kódà lọ́jọ́ ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìta ló dúró sí.

Ìyá Aránṣọ lọ bá a níbi tó ti ń po sìmẹ́ńtì.

"Ọkọ mi, ẹ dákun."

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ kí òrùlé jìn lé yín lórí ni? Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀mùtí ni mí."

"Ọ̀mùtí tí kò mọ adùn ọtí! Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n yín ló rán mi."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Bóyá omijé ló rí lójú ìyá ni o, bóyá ẹ̀bẹ̀ ló sú u, ó ní ó dáa, òun á wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kí òun. Òun á kàn wọlé, òun á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ẹ̀gbọ́n òun kàn, òun á gbàdúrà. Ìyá ní kó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé, òun á máa dúró dè é níbẹ̀.

Ibi tí ó ti kù-díẹ̀-káàtó ni pé ìyá lọ tú ọ̀rọ̀ náà fún olórí Ẹgbẹ́ Ẹ-Káàbọ̀, tíṣà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rín-Ò-Tán. "Ẹnì kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu o." Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni ìyẹn gbọ́. Ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá rìbọ́ọ̀nù funfun sílẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ àyà àlejò. Ìyá Aránṣọ gan-an ló fi máṣíìnì rẹ̀ rán wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ títí ọrùn fi ń dùn ún. Kò rí ẹnì kankan. Ó wọlé, ó jókòó. Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ Òpéléngé ti gbé e gba ilẹ̀kùn iwájú, ọ̀nà tó mọ̀ láti kékeré, àti pé ibẹ̀ ni àwọn Ẹ-Káàbọ̀ ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn láyà.

Nígbà ìfilọ̀, Ẹ̀rín-Ò-Tán gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Àwọn àlejò wa, ẹ dìde! Ìjọ, ẹ bá wa pàtẹ́wọ́!"

Ọwọ́ kan fa Òpéléngé dìde, rìbọ́ọ̀nù ń mì láyà rẹ̀. Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó tú rìbọ́ọ̀nù náà, ó ká a jẹ́jẹ́, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó sì jáde. Ìyá sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n orúnkún àgbà kì í sáré ọ̀dọ́. Nígbà tó dé ẹnu géètì, Òpéléngé ti lọ.

Lẹ́yìn Máàsì, ìyá ká fadá àti olórí ẹgbẹ́ mọ́ inú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ pẹpẹ sí.

"Ẹ so àmì àlejò mọ́ ọmọ onílé láyà! Ẹni tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún nínú ilé yìí!"

"Màmá, ìfẹ́ ni," Ẹ̀rín-Ò-Tán wí.

"Ìfẹ́ tí kò gbọ́ràn! Mo ní ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu."

Fadá, tí kò dàgbà tó àbígbẹ̀yìn rẹ̀, fara balẹ̀ bi í pé: "Ẹ má bínú, Màmá. Kí wá ni ká máa pe ẹni tó bá padà dé?"

"Ẹ má pè é ní nǹkan kan. Ẹ sún díẹ̀, kó ráyè jókòó."

Fadá ní òótọ́ ni, òun fúnra òun á lọ rí i nílé.

Ìyá Aránṣọ ti lọ bá Òpéléngé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní, "Ìyàwó wa, wọ́n ti kí mi káàbọ̀, èmi náà ti dágbére." Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé àga fún un, ó béèrè àlàáfíà ara àti ti máṣíìnì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Inú bí ìyá débi pé ó gbàgbé gèlè rẹ̀ síbẹ̀.

Fadá ò tíì lọ rí i. Òpéléngé ò sì tíì wọlé.