Ikọ́ Ẹṣin Bàbá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá jókòó tì mí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé ara mi. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé àlùbọ́sà ni mò ń tà ní Warri níbí. Ọmọ apá Ọ̀yọ́ ni mí. Àwọn ọmọ mi gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Píjìn ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Nígbà tí ìyá mi kú, ó ku bàbá mi nìkan nílé. Mo ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ovwian, létí Warri níbí. Bàbá ní kò burú, àmọ́ Ọlọ́lá ń bá àwọn bọ̀.

Ta ń jẹ́ Ọlọ́lá? Ẹṣin ni o! Láti ìgbà èwe ni Bàbá ti ń tọ́jú ẹṣin fáwọn ìjòyè ìlú wa. Èyí ló kẹ́yìn, ẹṣin pupa kan tó ní àmì funfun níwájú orí. Ẹ ò bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù já a sílẹ̀ ládùúgbò wa! Mama Ejiro, aládùúgbò mi tó jẹ́ Urhobo, sáré jáde pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ lọ́wọ́: "Madam! You carry horse come Ovwian? Wetin goat do you?"

A rẹ́rìn-ín títí. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ọlọ́lá láàárọ̀ bí ẹni ń kí àgbà.

Òjò wá dé. Ẹ̀yin náà mọ òjò Warri, tó máa ń rọ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn. Ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó kọ́kọ́ ń ṣe é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, bó bá wú u báyìí, gbogbo ìhà rẹ̀ á fà wọlé. Ṣé ẹ ti gbọ́ ikọ́ ẹṣin rí? Àyà mi máa ń já!

Bàbá ò jẹun mọ́ dáadáa. Wọ́n pè mí, wọ́n ní bí Ọlọ́lá bá kú sílẹ̀ yìí, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí n dá àwọn padà sílé. Ta ló kù nílé ọ̀hún? Ta ni yóò máa pọnmi fún wọn? Ta ni yóò mọ̀ bí wọ́n bá ṣubú? Ó dá mi lójú pé bí Bàbá bá lọ dá gbé inú ilé yẹn, wọn ò ní pẹ́ tẹ̀lé ìyá mi. Nítorí náà, kì í ṣe ikọ́ ẹṣin nìkan ni mò ń bá jà o. Ẹ̀mí bàbá mi ni.

Ẹ sì mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Bí mo bá ń tọ́jú ẹni, mi ò mọ ìwọ̀n! Mo ní òtútù ni. Mama Ejiro náà ní òtútù ni: "Na breeze dey worry am. Cover am well well." Bàbá la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n sinmi, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Yàrá búlọ́ọ̀kù tí mo ń kó àlùbọ́sà sí tẹ́lẹ̀ ni Ọlọ́lá ń gbé. Mo fi tapólì dí fèrèsé rẹ̀. Mo da èérún pákó láti sọ́mìlì sílẹ̀ bẹẹrẹ kí ilẹ̀ lè móoru. Mo kó ewé ẹ̀pà gbígbẹ tó ń jẹ wọlé tì í, kí òjò má baà pa á. Ẹ̀fọn ń kọ́? Nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi èèpo ọsàn àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ dáná sẹ́nu ilẹ̀kùn, kí èéfín lé wọn lọ. Mama Ejiro mú bùláńkẹ́ẹ̀tì wá. Mo tiẹ̀ fi róòbù pa á láyà! Ẹṣin kàn ń wò mí.

Yàrá Bàbá náà ò gbẹ́yìn. Látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ọ̀rá dí fèrèsé wọn pa. Mo sì ti ní kí wọ́n má jáde ní géètì, torí wọn ò gbọ́ Píjìn, ta ló mọ ẹni tí wọ́n lè pàdé?

Ṣé ikọ́ ọ̀hún wá lọ? Ó le sí i ni!

Ni wọ́n bá júwe dókítà ẹranko kan fún mi ní Airport Road, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó dé, ó ki orí bọ yàrá Ọlọ́lá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́! Ó jáde, ó ń nu ojú. Ó ní: "Madam, you fit sleep inside here?"



Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé ara Ọlọ́lá, ó tẹ́tí, ó sì ní kí èmi náà wá gbọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ọkàn ẹṣin á lù kìì, á wá dákẹ́, á dákẹ́ débi tí wàá rò pé ó ti parí, kó tó tún lù. Bí ẹni ń gúnyán láìkánjú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ èémí, tó ń súfèé bí afẹ́fẹ́ tó ń wá ọ̀nà gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹran tó ga jù mí lọ, tó lè fẹsẹ̀ kan fọ́ ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ lásán ló ń tọrọ!

Dókítà wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí láyé mi. Ó ní ẹṣin kì í fẹnu mí: "Na only nose God give am. If nose block, e no get another road."

Subuhánallàhi! Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Ọlọ́run là fún un, ibẹ̀ ni mo ń fín èéfín sí! Omi bọ́ lójú mi.

Ó ní òtútù kọ́ rárá. Ewé ẹ̀pà tí òjò mú bu ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èéfín, eruku pákó àti ooru yàrá náà ló wá jẹ́ kó le. Ó gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní ká máa rẹ ewé ẹ̀pà sómi ká tó fún un, ká kó èérún pákó dànù, ká sì mú un jáde lójú ẹsẹ̀.

Mo wojú ọ̀run, ó ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Mo ní lójú mi kọ́, òjò á pa á. Dókítà ní òjò ìta sàn ju yàrá mi lọ.

Bàbá dìde. Wọ́n tú okùn, wọ́n ṣí géètì tí mo ní kí wọ́n má ṣí, wọ́n mú Ọlọ́lá lọ sí pápá iwájú ilé wa. Òjò sì dé.

Ọlọ́lá na ọrùn sílẹ̀, ó wúkọ́ kan tó le débi pé mo di ojú. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde nímú rẹ̀. Ó fọn imú. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, ihò imú méjèèjì là gbàgà, ó fa èémí, ó tún fà á. Ooru ń rú lára rẹ̀ nínú òjò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí pápá ká, ó gbé ìrù sókè bí ọba tó dé láti ìrìn àjò.

Èèyàn ti kún ojú títì, àwọn onímọ́tò pàápàá ti pa ẹ̀rọ, wọ́n ń wòran. Ní Warri! Mama Ejiro káwọ́ lérí, ó ní: "God, You sabi work."

Bàbá ńkọ́? Wọ́n ti ṣí fìlà. Wọ́n gbójú sókè sínú òjò, àwọn náà ń mí kanlẹ̀. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí ìyá mi ti kú. Mo dúró lẹ́nu géètì, mò ń wo àwọn méjèèjì.

Nígbà tí mò ń fi táwẹ́ẹ̀lì nu orí wọn nínú yàrá, wọ́n ní àwọn ò bínú sí mi, àwọn mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Wọ́n wá na ìka sí fèrèsé tí mo fi ọ̀rá dí.

"Àmọ́ Àbẹ̀kẹ́, tèmi ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ lásán ni mo fi fa ọ̀rá yẹn ya.

Ikọ́ náà ò lọ lọ́jọ́ kan o, dókítà ṣì padà wá lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ṣùgbọ́n ikọ́ lọ. Bàbá ò sì dárúkọ ilé mọ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n máa ń fa Ọlọ́lá gba àdúgbò kọjá. Àwọn èèyàn á pariwo "Papa Horse!" Àwọn náà á dáhùn "I dey o!" Àwọn ọmọ mi ló kọ́ wọn.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa bi ẹni tá a fẹ́ràn léèrè ká tó dáàbò bò ó. Bó bá sì la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ká jẹ́ kó sọ ọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fi ìfẹ́ dí fèrèsé mọ́ rí? Àbí ẹ̀yin ni wọ́n dí i mọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á. Bí mo ṣe ń kọ èyí, òjò ti ṣú, Bàbá àti Ọlọ́lá ò sì tíì dé. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì láti lọ wá wọn. Mo tún ti jókòó padà.