Òkúta Funfun Abẹ́ Iyanrìn

Koríko kò sí ní pápá gọ́ọ̀fù tí Dalal ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Bahrain. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Olúkúlùkù ló ń gbé ẹní kékeré kan dání, tí yóò gbé bọ́ọ̀lù lé kó tó gbá a. Ṣùgbọ́n àárín àwọn òkúta tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn láti pààlà pápá nìkan ni òfin ti gba ẹní láyè. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ kọjá òkúta, wọ́n á fi ẹ̀ẹ̀mejì kún iye tó gbá, bẹ́ẹ̀ ẹni tí iye tirẹ̀ kéré jù ló ń borí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí yóò lọ díje ní Muscat, afẹ́fẹ́ ti fi iyanrìn bo òkúta púpọ̀. Ó ku ihò kan tí wọn yóò gbá bọ́ọ̀lù wọ̀. Dalal fi ẹyọ kan ṣáájú Haya ọ̀rẹ́ rẹ̀. Dalal tẹ́ ẹní, ó gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ dáadáa. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò nídìí ẹní sí àárín pápá, bàtà rẹ̀ kọ nǹkan líle. Ó fẹsẹ̀ wa ibẹ̀. Ọ̀dà funfun yọjú.

Ṣé ìta ló ti gbá a ni? Àbí ẹnìkan ló ta òkúta náà kúrò nípò?

“Haya, wá wo òkúta yìí.”

“Kí ni ká wò lára òkúta? Inú lo wà, mo ń wò ọ́.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ìwọ yìí náà! Ṣé kí n wá fẹnu kò ó lẹ́nu ni? Jẹ́ ká lọ jàre, oòrùn ń yan mí bí ẹja.”

Iye kan náà ni wọ́n gbá ní ihò tó kẹ́yìn. Dalal ló borí. Síbẹ̀, ó lọ bá Bu Rashid, àgbàlagbà tó ń bójú tó òfin, níbi tó ti ń mu kọfí lábẹ́ ibòòji.

“Bàbá, mi ò mọ̀ bóyá inú ni mo wà tàbí ìta.”

“Kí ni Haya wí?”

“Ó ní inú ni.”

“Ẹlẹ́rìí rẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti tán lọ́dọ̀ mi. Bí kò bá tíì tán lọ́dọ̀ tìẹ, èmi kọ́ ni wàá bi.”

Ìbá dára kó kàn pàṣẹ fún un. Dalal wo ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú: kó tó tẹ́ ẹní, ó rí i pé òkúta kò hàn, kò sì wá a.

“Ẹ fi ẹ̀ẹ̀mejì kún tèmi, Bàbá.”

Haya, tó ti wá jókòó nítòsí wọn, fò dìde. “Ṣé irọ́ ni mo wá pa?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kí lo wá sọ? Èmi ni màá lọ Muscat báyìí, wọ́n á ní mo jí àyè rẹ!”

Dalal padà sórí pápá, ó fi ẹní rẹ̀ gbá iyanrìn kúrò lórí òkúta náà. Ó fẹ́ rí èyí tó tẹ̀ lé e, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n tò gún. Kò pẹ́, Haya dé, ojú rẹ̀ ṣì le.

“Sún. O ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀.”

Àwọn méjèèjì jọ ń gbá a lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tún ti dé. Kí wọ́n tó kan òkúta kejì, iyanrìn ti bo ti àkọ́kọ́.