Ṣíbí Ìbejì Gbọ́dọ̀ Dọ́gba

Sákínátù ò jẹ́ rẹ́ ìbejì jẹ láéláé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Táyé àti Kẹ́hìndé. Ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan, ọ̀dọ̀ Sákínátù ní àdúgbò Ahougnansou ni wọ́n ń gbé. Bó bá ra bàtà fún Táyé, Kẹ́hìndé ti ní tiẹ̀ nìyẹn. Bí Táyé bá jẹ pàṣán, Kẹ́hìndé á jẹ pàṣán, ìbáà jẹ́ pé ó ń sùn nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀.

Ikọ́ fée náà ò ṣojúsàájú, ó mú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Táyé ki bí iṣu, Kẹ́hìndé rí bí igi ìṣáná. Samira, nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò Sokoura, gbé wọn lé òṣùwọ̀n, ó fún wọn ní síróòpù, oògùn olómi: ṣíbí kan fún Táyé, ìlàjì fún Kẹ́hìndé.

Sákínátù ní, "Ìlàjì kẹ̀? O fẹ́ kí ìbejì bínú sí mi?"

Nílé, Sákínátù da oògùn kún ṣíbí méjèèjì. Kò pẹ́, ọwọ́ Kẹ́hìndé ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gun orí ìkòkò tí ìyá àgbà ń tà. Salimata aládùúgbò, tó máa ń pe àwa Yorùbá ní Anago, yọjú lórí ògiri:

"Anago, mọ́tò wo lẹ gbé wọlé?"

Ẹ̀rù ba Sákínátù. Ó ní ó dáa, kí àwọn méjèèjì máa mu ìlàjì. Ara Kẹ́hìndé rọ̀. Táyé ló wá ń mí fíì-fíì bíi kẹ́tùlù. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Samira.

"Màmá, ṣé ẹ máa ń fi ọmọrí ìkòkò ńlá bo kékeré?"

"Inú kan náà ni wọ́n ti wá!"

"Wọ́n ti jáde níbẹ̀, Màmá. Ara kékeré ò lè gbé púpọ̀, àyà á máa lù kìkìkì. Ara ńlá, bó bá gba díẹ̀, ṣe ló dà bíi pé kò gbà rárá."

Sákínátù ronú títí. Ó fi oyin kún ìlàjì Kẹ́hìndé. Ṣíbí dọ́gba, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àfi ìgbà tí Táyé tọ́ ti èkejì rẹ̀ wò. Ariwo ta! Ó di dandan kí Táyé lá oyin lẹ́yìn oògùn. Kẹ́hìndé ní òun náà fẹ́ ti ẹ̀yìn. Oyin gba ilé. Ṣùgbọ́n wọ́n ń mí.

Ọdún yìí ni Sákínátù kú. Ẹkún fún ìbejì láyà, ikọ́ fée tún gbéra. Ládépọ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀, kò rí iwájú fún omijé; ó gbé ìgò, ó da oògùn kún ṣíbí méjèèjì.

Kẹ́hìndé pa ẹnu dé. Ó fi ọwọ́ ti ṣíbí sẹ́yìn.

"Bọ̀ọ́dá, ìlàjì ni tèmi. Oyin dà?"