Irú Yorùbá Tí Ọmọ Mi Gbọ́

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tẹ̀lé ojú ewé mi yìí, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú ilé ara mi. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ pa á mọ́ra. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lẹ̀ ń kọ ọ́ sábẹ́ fídíò mi pé, Ìyá Fàtímọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kọ́ àwa náà bí a ṣe lè ṣe é. Ojú ń tì mí láti máa dá yín lóhùn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èmi ni mo máa ń ṣe ẹ̀kọ́ ilé fún ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin, Fàtímọ́, tí mo sì ń gbé fídíò rẹ̀ síbí. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní orí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. A ti ṣe Ọ̀sẹ̀ Àwọ̀, a ti ṣe Ọ̀sẹ̀ Ẹranko, a sì ti ṣe Ọ̀sẹ̀ Èso, níbi tí Fàtímọ́ ti gbé máńgòrò dání tó ní, "Máńgòrò ni èyí, ó pọ́n, ó dùn." Ẹ rántí rẹ̀, àbí? Ẹ pín in kiri dáadáa. Ẹnìkan tiẹ̀ kọ ọ́ pé ẹ wo ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní Onitsha bí Yorùbá ṣe já geere lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí tiwa n'Íbàdàn ń pe àmàlà ní "black food." Inú mi dùn débi pé mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sókè fún ọkọ mi nídìí oúnjẹ. Ó kàn wò mí, ó ní ó dáa.

Ohun tí mi ò gbé síbí ni bí a ṣe ń gbé nínú ilé. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé mi wá síbí. Àdúgbò Woliwo, ní Onitsha níbí, là ń gbé, ọkọ mi ń ta bàtà lọ́jà, ilẹ̀ sì ti máa ń ṣú kí èyíkéyìí nínú wa tó wọlé. Mama Kosi, ará Igbo tí a jọ wà nínú ọgbà, ló ń mú Fàtímọ́ bọ̀ láti ilé ìwé. Òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń wẹ̀ fún un pẹ̀lú Kosi ọmọ tirẹ̀, Igbo ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Tí èmi bá dé, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń bá a sọ, kí tíṣà má baà sọ pé ọmọ mi kò mọ nǹkan. Yorùbá wá ń kọ́? Ó di Sátidé, níwájú fóònù.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí ìyá ọkọ mi fi pè láti Ìwó. Alhaja là ń pè wọ́n. Wọ́n ní ẹnìkan fi fídíò máńgòrò yẹn han àwọn, àwọn sì wò ó títí bátìrì fi kú. Wọ́n ní ẹ̀rù ti ń ba àwọn pé ọmọ kan ṣoṣo tí ọmọ àwọn bí yìí, àwọn ò ní lè bá a sọ̀rọ̀ títí àwọn á fi kú, nítorí àwọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti Igbo. Ní báyìí tó ti wá ń sọ Yorùbá, àwọn ń bọ̀ wá fi etí ara àwọn gbọ́ ọ.

Kí ni ǹ bá sọ? Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé, eruku ọ̀nà lára wọn, àádùn lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi la apá. Wọ́n ń ki Fàtímọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ní ṣé ó mọ àwọn, wọ́n ní ta ni àwọn?

Ọmọ wò mí. Ẹ ò rí i, Fàtímọ́ ti mọ̀ pé tí wọ́n bá fi Yorùbá bi òun ní ìbéèrè, ìdáhùn kan wà tí inú Mummy máa ń dùn sí. Ó na àyà, ó sì ní, "Máńgòrò ni èyí, ó pọ́n, ó dùn."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n rò pé ọmọ náà ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní eré ló ń ṣe, pé ojú ló ń tì í, pé ẹ jẹ́ ó di ọ̀la. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọ̀la dé. Mo wà ní ọ́fíìsì, ọ̀gá mi dúró tì mí, ni Alhaja bá pè. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló ń fún ọmọ yìí ní bíà mu?"

Mo ní bíà kẹ̀?

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bíà. Wọ́n ní bó ṣe ti ilé ìwé dé ló di ìró àwọn mú, tó ń fà á, tó ń pariwo bíà, bíà, bíà. Wọ́n ní ṣé nǹkan tí a wá ń fi ọmọ mùsùlùmí ṣe ní Onitsha nìyí? Wọ́n ní àwọn ti fẹ́ pe ọkọ mi, àwọn kàn ní kí àwọn kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìhà ibí ti mọ̀ ọ́n. "Bịa" ni ọmọ náà ń sọ, ìyẹn "wá" lédè Igbo. Adìẹ Mama Kosi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ, Fàtímọ́ sì fẹ́ kí ìyá bàbá òun wá wò ó. Mo ṣàlàyé. Alhaja ní, kí ló dé tí kò wá sọ pé "ẹ wá"? Ṣebí ẹni tó lè sọ pé máńgòrò pọ́n lè sọ pé ẹ wá?

Mo ní ọmọdé ni, wọ́n máa ń da èdè pọ̀. Irọ́ kejì. Nígbà tí mo délé, Fàtímọ́ wà lọ́dọ̀ Kosi, Alhaja nìkan ló wà ní pálọ̀, àádùn wọn sì wà nínú ọ̀rá bó ṣe wà.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún wọn lálẹ́ yẹn. Ṣé mo sọ ọ́? Ìgbéraga ò jẹ́. Ohun tí mo rò ni pé mo máa fi fídíò wẹ ara mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ Ọjà ló kàn, mo sì ti ra ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, edé àti ata gbígbẹ ní ọjà Ose Okwodu. Mo ní màá tò wọ́n sínú abọ́ kéékèèké lórí ẹní, Fàtímọ́ á máa tà, Alhaja á máa rà. Wọ́n á gbọ́ Yorùbá, ẹ̀yin náà á sì rí ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ wọn.

Àárọ̀ Sátidé, mo jí ọmọ sílẹ̀, mo tilẹ̀kùn yàrá, mo ń kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Ẹ káàárọ̀ mà, kí lẹ fẹ́ rà? Kò mú un. Mo tún un sọ, kò mú un. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ nínú yàrá yẹn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo sì fi sọ ọ́, kí Alhaja má baà gbọ́. Nígbà tó yá mo mú un jáde, mo fi í sórí ẹní pẹ̀lú ìyá àgbà, mo padà wọlé lọ yọ fóònù lára iná.

Inú yàrá ni mo wà tí mo gbọ́ Yorùbá. Yorùbá gidi, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ohùn ọmọ mi sì ni. Mo ní Alihamdulilahi. Mo rọra dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì kí n má baà da eré náà rú. Mo tiẹ̀ ti ń tan fóònù kí n lè ká a.

Fàtímọ́ ti sọ Alhaja di ọmọ ilé ìwé. Ó mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n dání, ó nà án sí wọn lójú bí ẹni ń ya fídíò. Ó ní, "Jókòó dáadáa. Wo ibí. Mo ní wo ibí. Kí ni èyí?"

Alhaja ń gbádùn rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀wà ni, tíṣà.

"Sọ pé ẹ̀wà ni èyí. Tún un sọ."

Wọ́n tún un sọ.

"Rẹ́rìn-ín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Kò dáa. Tún un ṣe. Ṣé etí ẹ di ni? Kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ? Olódo." Ó wá pòṣé. Òṣé gígùn, ti àgbàlagbà tí nǹkan ti sú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òṣé mi ni. Ohùn mi ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣì sọ nínú gbogbo rẹ̀, ọmọ tí mo rò pé kò gbọ́ Yorùbá. Alhaja ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ṣùgbọ́n eré ò tíì tán. Fàtímọ́ gbé rìmóòtù sílẹ̀, ó sún mọ́ wọn, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú wọn, ọ̀tún àti òsì, ó nù ún bí ẹni ń nu àwo. Ó ní, "Nu ojú ẹ. Ẹkún ò gbọdọ̀ hàn nínú fídíò."

Alhaja ò sunkún o. Ojú wọn gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ tán. Fídíò máńgòrò tí ẹ fẹ́ràn yẹn, lẹ́yìn tó ti sunkún ni mo ká a. Gèlè mi ni mo fi nu ojú rẹ̀. Àwọn kan nínú yín kọ ọ́ pé ẹ wo bí ẹyinjú ọmọ yìí ṣe ń dán, mo sì tẹ ọkàn pupa fún yín. Omijé ló ń dán.

N kò mọ bí mo ṣe dé pálọ̀. Ojú gbà mí tì débi pé n kò lè gbé orí sókè. Alhaja ò wò mí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ "tíṣà" wọn, wọ́n ní kó lọ bá Kosi ṣeré, ìgbà tó jáde tán ni wọ́n tó bi mí bóyá mo máa ń na ọmọ náà. Mo búra pé n kò fọwọ́ kàn án rí, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà tó dà sórí ẹní. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Mo wá jókòó ro ó. Mama Kosi ń fi Igbo kẹ́ ọmọ mi. Igbo ló fi ń ní kó wá jẹun, Igbo ló fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èmi ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí i káàárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Tí inú bá wá bí mi ń kọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Yorùbá ni. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ó fi Gẹ̀ẹ́sì pọ́n ọmọ lé, a ó fi Yorùbá jẹ ẹ́ níyà, a ó wá máa ṣọ̀fọ̀ pé àwọn ọmọ òde òní kórìíra èdè abínibí wọn. Èdè tí mo fi ń bú ọmọ mi ni mo tún ń fà kalẹ̀ ní Sátidé pé kó fi rẹ́rìn-ín. Ṣé ìwọ á rẹ́rìn-ín?

Alhaja ṣì wà lọ́dọ̀ wa bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti sọ òótọ́ fún wọn, àti ti máńgòrò, àti ti irọ́ méjèèjì. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ títí ọmọ náà á fi bá àwọn sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò fi sí i lẹ́nu. Wọn kì í bi í pé kí ni èyí. Wọ́n kàn ń sọ Yorùbá tiwọn lọ, òun náà ń sọ Igbo tirẹ̀ lọ, wọ́n jọ ń jẹ àádùn.

Èmi náà ní kí n bẹ̀rẹ̀. Lánàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo jókòó, mo bọ́ bàtà, mo rọ ohùn mi sílẹ̀ bí mo ṣe mọ̀, mo ní, "Fàtímọ́, ọmọ mi, wá sọ́dọ̀ mi."

Ó fi eré tó ń ṣe sílẹ̀. Ó wá, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, Mummy, kí ni òun ṣe?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó jìyà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ò burú. Ẹ to ẹ̀wà sínú abọ́, ẹ ka edé, ẹ sọ orúkọ àwọ̀ àti ẹranko, ọmọ á gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fóònù sí yàrá. Kí ẹ sì tó fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ fi kí i, ẹ fi tù ú, ẹ fi bá a rẹ́rìn-ín lásán. Fídíò máńgòrò, mo ti yọ ọ́. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á rẹ́.

Iṣẹ́ kan ló kù tí mo fẹ́ gbé fún yín, kò ná yín ní ohunkóhun. Lónìí, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó ṣe ẹ̀yin, kí ẹ̀yin ṣe ọmọ. Ẹ jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ má dá sí i, ẹ má tọ́ ọ sọ́nà. Tí ẹ bá ti gbọ́ ohun tó sọ, tí ẹ bá sì lè sọ ọ́, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ibí. Èmi ti kọ tèmi.