Eérú Ìyá Thirza Gittins

Ọdún mẹ́fà gbáko ni ìyá Thirza Gittins fi wà nínú agolo bisikíìtì lókè kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná rẹ̀. Mo mọ agolo yẹn dáadáa, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ni mí. Àwòrán ilé ńlá kan àti ẹṣin méjì ló wà lára ìdérí rẹ̀, igun kan sì ti dógùn-ún. Tí mo bá ti wọlé báyìí, kí n tó bọ́ kóòtù, Thirza á ní, "Enid, kí màmá," èmi náà á sì kí eérú tó wà nínú agolo pé ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú obìnrin yẹn rí kò ní rẹ́rìn-ín.

Rowland Beddoes ló fà á. Òun ló ni oko tó tóbi jù ní Aston Gwill, òun náà ni olórí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá rẹ̀ ti ṣe é rí, bàbá bàbá rẹ̀ náà ti ṣe é rí. Nígbà tí ìyá Thirza kú, tí wọ́n sun òkú rẹ̀, Thirza lọ bá Rowland ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì pé òun fẹ́ sin eérú náà sábẹ́ igi yúù, igi àtijọ́ tó wà nínú ọgbà ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn ìdílé àtijọ́ sùn sí. Rowland mú kéèkì lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbé e sílẹ̀.

"Thirza, o mọ̀ pé abẹ́ igi yẹn kì í ṣe fún gbogbo ayé," ló wí. "Ìdílé àtijọ́ ló wà fún. Ẹ̀yin ará òdìkejì, àyè yín wà lẹ́yìn ilé èédú. Ibẹ̀ náà dáa, atẹ́gùn kì í fẹ́ níbẹ̀."

Nínú gbọ̀ngàn yẹn gan-an ni ìyá Thirza ti fọ abọ́ fún ogójì ọdún lẹ́yìn gbogbo àsè. Abọ́ tí Rowland fi ń jẹ kéèkì lọ́wọ́, ọwọ́ obìnrin yẹn ló fọ̀ ọ́ títí tí àwọ̀ òdòdó fi ṣí lára rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da tíì sí i lára, tí kì í bá ṣe pé tíì ọ̀hún ti tutù.

Odò Gwill kò ju ohun tí àgùntàn lè fò lọ. Aston Gwill wà ní ìhín, Llangwill wà lọ́hùn-ún, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ Wales ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe èèyàn ní ará òdìkejì lọ́dọ̀ wa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀. Orúkọ yẹn ni wọ́n ti ń pe àwọn Gittins, ìdílé ìyá Thirza, láti ìgbà tí a ti dáyé. Wọ́n pe Thirza bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwé, wọ́n sì tún ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó fi ọgbọ̀n ọdún se oúnjẹ fún ọmọ wọn ní ilé ìwé kan náà. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ẹyin ló ń tà lẹ́nu géètì. Tí inú bá bí i, kì í pariwo; ńṣe ló máa ń ge búrẹ́dì tínrín-tínrín títí búrẹ́dì á fi tán.

Lọ́jọ́ yẹn, odindi búrẹ́dì méjì ló gé.

"Enid," ó wí, "màmá mi ò ní sùn lẹ́yìn ilé èédú. Màá wá ibi tá a ti ṣẹ̀ wá. Màá rí i, màá sì fi na Rowland lójú gbogbo ayé."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń fi mọ́tò mi gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ní Shrewsbury, pẹ̀lú sáńwíìṣì ẹyin àti awò tó fi ń ka lẹ́tà kéékèèké. Kò pẹ́ tó fi rí ohun kan tó mú un jó nínú mọ́tò mi: Keziah Gittins, tí wọ́n rì bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Aston Gwill lọ́dún 1808. Bàbá Keziah náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rì í bọmi, àti bàbá bàbá rẹ̀. Ìdílé àtijọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n! Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni okùn já. Keziah ò lọ́kọ nínú ìwé, kò sì bímọ nínú ìwé. Lọ́dún 1851, Thomas, ọmọ tí àwọn àgbà ilé Thirza sọ pé ó bí, tó jẹ́ bàbá ńlá ìyá Thirza, yọ lójijì nínú ìwé ìkànìyàn, alágbàro ni. Ibi tí wọ́n bí i sí: Llangwill.

Rowland gbọ́, nítorí kò sí ohun tí Rowland kì í gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Gbogbo wàhálà yẹn, òdìkejì náà ló jásí."

Ẹ wò ó, màá sọ òótọ́. Àṣìṣe tí Thirza ṣe, ará Aston Gwill nìkan ló lè ṣe é. Ọdún márùn-ún ló fi wá ìdí ọ̀rọ̀ náà ní ìhín odò, kò sì gbà kí a lọ wo ìwé Llangwill lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Àǹtí mi, bí wọ́n bá bí i sí Llangwill, ìwé Llangwill ló máa sọ ìdí ẹ̀." Ó ní, "Kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ jẹ́rìí fún Rowland? Ó dìgbà." Ẹni tí wọ́n ń bú ní ará òdìkejì kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun ní òdìkejì.

Ní oṣù Kínní ọdún kẹfà, omi kún ojú ọ̀nà Shrewsbury. Mi ò bi í. Mo yí mọ́tò, mo gba orí afárá, mo kọrí sí Llandrindod níbi tí wọ́n kó ìwé àwọn ìjọ Wales sí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún máìlì mẹ́wàá. Ní máìlì kọkànlá ó ní, "Olè ni ẹ́, Enid."

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Àwọn àlùfáà máa ń kọ ìlà kan péré fún ìrìbọmi ọmọ tí kò ní bàbá, ṣùgbọ́n inú ti bí àlùfáà Llangwill lọ́jọ́ náà, ó sì kọ ọ́ kún gbogbo ojú ewé. Ó ní, ní oṣù Kínní ọdún 1829, òun ri Thomas bọmi, ọmọ Keziah Gittins. Ó ní ọmọbìnrin Aston Gwill ni Keziah, ìránṣẹ́ lóko Beddoes. Ó ní Josiah Beddoes, tó jẹ́ alábòójútó àwọn tálákà ní Aston Gwill, gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin nígbà tó ti ń rọbí, ó gbé e sọdá odò, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀ nínú yìnyín, kí wọ́n má baà bí ọmọ náà sí ìjọ tiwọn, kí ìjọ tiwọn má baà bọ́ ọ. Ó ní abẹ́ ọgbà ni Keziah bímọ sí.

Thirza rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Àwọn ni wọ́n sọ wá di ará òdìkejì," ó wí. "Wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé wa débẹ̀, wọ́n tún fi ń bú wa!"

Ìgbà náà ló rí ìlà tó kẹ́yìn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ṣùgbọ́n mo ti kà á. Keziah búra fún àlùfáà pé Josiah Beddoes fúnra rẹ̀ ló fún òun lóyún.

"O ò rí ìyẹn," Thirza wí.

"Mo rí i, àǹtí mi."

"Enid, mo ní o ò rí i. Ẹ̀jẹ̀ ajá yẹn ò lè wà lára màmá mi."

Lóṣù Karùn-ún ọdọọdún ni a máa ń rìn yí ààlà ìjọ wa ká, tàwa ti ọ̀pá lọ́wọ́. Níbi òkúta ààlà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á ka ohun àtijọ́ kan nípa ibẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ tí òkúta wà á gba ìwé náà, á tún un kà sókè, kó má baà sọ lọ́la pé òun ò gbọ́. Gbogbo èrò á wá dáhùn pé, "A gbọ́." Òkúta keje wà létí odò Gwill, nínú pápá Rowland. Thirza bẹ Àlùfáà Marian pé kó jẹ́ kí òun kàwé níbẹ̀. Ohun tó ń wá nìyẹn: kí Rowland fi ẹnu ara rẹ̀ kà á. Ó ṣẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀dà ìwé náà tí wọ́n fún wa ní Llandrindod sínú, ó fi abẹ́rẹ́ méjì há a mọ́ra, kí ìlà tó kẹ́yìn má hàn.

A tó ogójì lọ́jọ́ náà. Thirza kà á láìgbọ̀n. Nígbà tó dé ibi yìnyín, bàbá arúgbó Tudge ṣí fìlà. Thirza na ìwé sí Rowland, ó ní, "Ilẹ̀ yín ni, sà."

Kò ríbi sá sí. Ó kà á, ojú rẹ̀ sì pọ́n títí dé etí. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo gbádùn gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ gún un ní àtàǹpàkò. Ó wo ìdí ìwé, ó fa abẹ́rẹ́ méjèèjì yọ, ó ṣí i, ó sì kà á parí.

Ẹlòmíì, ilẹ̀ ni ì bá máa wò. Bàbá ńlá rẹ̀ ló ju ọmọ ara rẹ̀ sínú yìnyín! Ṣùgbọ́n Beddoes ni, ojú kì í tì wọ́n. Ẹ̀rín ló bú sí.

"Haa! Ẹ gbọ́ o! Thirza wa yìí! Kó máa bú mi, àṣé ọ̀kan nínú wa ni!" Ó la apá. "Ẹ káàbọ̀ sílé o, ẹ̀gbọ́n mi!"

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lójú Thirza. Ọdún mẹ́fà, ọ̀dájú náà sì ti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo sún mọ́ ọn kó má baà ṣubú sódò. Ó tì mí sẹ́yìn.

"Rowland," ó wí, "kí lo pè mí?" Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, sà ló ń pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Rowland wí, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ Josiah ni ìyá mi?"

"O fọwọ́ ara ẹ mú ìwé wá. Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn."

Thirza yíjú sí èrò. "Ṣé ẹ gbọ́?"

Ó ti mọ́ wọn lára níbi òkúta. Gbogbo wọn dáhùn: "A gbọ́."

"Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, àyè mélòó ló kù lábẹ́ igi yúù, níbi tí àwọn Beddoes wà?"

"Ẹyọ kan," Àlùfáà Marian wí. "Gbòǹgbò ti gba ìyókù."

"Ta ló ni ín?"

Àlùfáà wo Rowland, ó wo Thirza. Mo rí i pé ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá kọ́kọ́ kú nínú ẹ̀jẹ̀ Josiah lẹ́yìn ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀ kẹ́yìn ló ni ín."

"Èmi ni mo ni ín!" Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu Rowland. "Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé tèmi ni!"

"Àbúrò mi," Thirza wí jẹ́jẹ́, "ìyá mi ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti kú?"

Bàbá Tudge ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa.

Rowland lọ bá lọ́yà, ó kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù. Èèyàn ogójì ló gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ẹ má rò pé ayọ̀ nìkan ni. Ọjọ́ méjì ni Thirza ò jẹun, tó jókòó ti agolo náà. "Kí n gbé màmá lọ sùn ti Josiah?" ó ń bi mí. "Ẹni tó ju Keziah sínú yìnyín?" Ní ọjọ́ kẹta ó dìde, ó gé búrẹ́dì, èyí tó nípọn, ó sì jẹ ẹ́. Ó ní, "Keziah ò rí Josiah mú. Màmá á bá a wí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló máa wà títí ayé, kò ní lè dìde kúrò."

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó súnmọ́ òkú jù nínú ẹbí ló ń gbẹ́ ilẹ̀ tí a óò sin eérú sí. Àlùfáà bi Thirza bóyá kí àwọn bá a wá ẹnì kan, nítorí kò ní arákùnrin.

"Mo ní àbúrò," Thirza wí. "Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n lójú gbogbo yín."

Bí ó ṣe rí nìyẹn tí Rowland Beddoes fi dúró lábẹ́ igi yúù lóṣù Kẹfà, nínú kóòtù dúdú, tó ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ àyè tó ti ń tọ́jú fún ara rẹ̀ láti ìgbà èwe. Gbogbo ìjọ ló wá. Gbòǹgbò pọ̀ níbẹ̀, òógùn bò ó. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ó tó?" ó bèèrè.

Thirza gbé agolo mọ́ àyà, ó tẹ̀ síwájú, ó yẹ ihò náà wò dáadáa.

"Kò tíì tó, àbúrò mi. Gbẹ́ ẹ sí i," ó wí. "Lẹ́yìn ilé èédú, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ ju èyí lọ. Tó bá kàn ẹ́, kò ní ni àwọn tó máa gbẹ́ tìẹ lára."

Rowland tún gbé ṣọ́bìrì.