Àwọn Àwo Orin Òkè Yàrá Ìyá Àgbà

Òórùn yàrá náà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí: òórùn páálí tó ti gbó, ti káfúrà, àti ti eruku ọyẹ́ tó máa ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ìhà àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀. Bí o bá ti ṣí àpótí àgbàlagbà kan rí, èyí tí aṣọ inú rẹ̀ kò rí oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, o ti mọ bí ó ṣe rí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ni yàrá náà wà. Ilé alámọ̀ ni. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ nígbà tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò tíì pọ̀ ládùúgbò wa. Ó fi ìtí igi ṣe àjà rẹ̀, ó to pákó lé e, ó sì fi amọ̀ àti síméńtì díẹ̀ tẹ́ ẹ lórí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lísáǹsì, ìwé-ẹ̀rí yunifásítì mi, nínú ẹ̀kọ́ físíìkì ni, n kò tíì ríṣẹ́, mo sì padà sílé. N kò lè sọ pé ojú mi ríran ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo ní àyè láti wo nǹkan.

Òyìnbó kan ló ni àwọn àwo orin náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀rọ ni nílé-iṣẹ́ ṣúgà nígbà tí bàbá mi ń ṣe akọ̀wé lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò padà sí ìlú rẹ̀; ó kọ́ ilé sí ọ̀nà Boni, ó sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú orin rẹ̀. Orin kíláásíìkì ni, orin àwọn òyìnbó àtijọ́, èyí tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn máa ń fi fayolíìnì àti fèrè àti dùùrù dá, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní la ẹnu títí tí yóò fi parí. Bàbá mi máa ń lọ jókòó tì í lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ara òyìnbó náà kò yá mọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ, ó ní kí bàbá mi kó gbogbo àwo náà, nítorí bàbá mi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ wọn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ fún: kó má ṣe pín wọn, kó má ṣe tà wọ́n. Bàbá mi ṣèlérí. Ohun tó sọ fún mi nìyẹn. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí yóò fi purọ́ fún mi.

Ọkọ̀ bàṣé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ la fi kó wọn, a sì lọ, a bọ̀, títí ó fi sú awakọ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo páálí bí wọ́n ṣe ń kọjá.

"Ṣé kò sí ibi tí wọ́n lè kó orin sí mọ́ ní Faransé ni, tí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ wá bá wa?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé omi yẹn kúrò nítòsí. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án."

"Àwo tí a kò lè fi jẹun, tí a kò tún gbọ́dọ̀ fọ̀! Ó dáa, mo ti gbọ́."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ òkè la kó wọn lọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé wa ní ikán, ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń tutù nígbà òjò. Yàrá kan ṣoṣo ló gbẹ, tó ní síméńtì tó nípọn, tí oòrùn kì í sì í wọ̀: yàrá tí wọ́n sin bàbá bàbá mi sí. Ṣùgbọ́n nínú agboolé wa, wọn kì í gbé ohunkóhun tí kì í ṣe ti òkú sínú yàrá òkú. Títì ni wọ́n máa ń tì í pa. Ọmọkùnrin àkọ́bí ló ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́, òun ló sì ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí wọ́n lè gbá a. Àkọ́bí náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń dáko ní Adido. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó tilẹ̀ bojú wo ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn.

Òfin mìíràn tún wà nílé wa. Bàbá bàbá mi ti pàṣẹ kó tó kú pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé àgbàdo, iṣu, kajú tàbí síméńtì lọ sókè. Bí àlejò bá gbé àpò àgbàdo kan lé orí àtẹ̀gùn, ọmọdé pàápàá yóò pariwo. Síbẹ̀ gbogbo wa la gbé páálí lórí, tí a ń gun àtẹ̀gùn, tí a ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí awakọ̀ béèrè pé ṣé òkè yẹn lè gba ẹrù, bàbá mi dá a lóhùn pé, "Orin ni, kì í ṣe àgbàdo." Lójú tiwa, ó ti dáhùn ìbéèrè náà tán. Abẹ́ yàrá tí a ń kó wọn sí gan-an ni ìyá àgbà ń sùn.

Bàbá mi ní kí káfíńtà kan pákó mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì to àwọn àwo náà sí i fúnra rẹ̀. Ó kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn: ìdúró ni wọ́n ń wà, wọn kì í dùbúlẹ̀, nítorí bí wọ́n bá gun ara wọn, wọn yóò tẹ̀, oòrùn kò gbọ́dọ̀ tàn sí wọn, etí ni wọ́n ti ń dì wọ́n mú, a kì í fọwọ́ kan ojú wọn. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn, ó ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àsìkò kajú dé, oníṣòwò kan gbé ìwọ̀n ńlá rẹ̀ sí òdìkejì títì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé páálí àwo kan lọ bá a. Ìtọpinpin lásán ni, n kò ní ìdí mìíràn.

"Irú kajú wo lèyí, ọmọ ìwé?" ló bi mí. Ó gbé e lé ìwọ̀n, ẹ̀rín rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. "Kí ló wà níbẹ̀? Irin ni?"

Ìwọ̀n páálí méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àpò kajú kan. Mo padà gun òkè, mo dúró láàárín yàrá, mo wo ògiri tó kún láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Fún ìgbà àkọ́kọ́, n kò rí orin níbẹ̀. Àpò kajú ni mò ń rí, òkìtì àpò kajú lókè orí ìyá àgbà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kíyè sí nǹkan, mo sì ń gbìyànjú láti má ṣe gba ohun tí ẹ̀rù ń sọ fún mi gbọ́. Ilẹ̀kùn yàrá òkè kò lè padé mọ́. Igi máa ń wú, mo sọ fún ara mi. Ìlà kan yọ lára ògiri ìyá àgbà. Ògiri alámọ̀ máa ń là. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá dákẹ́, a máa ń gbọ́ ìró kan lókè, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ pòròpòrò ọkà gbígbẹ. Oòrùn ló ń na páànù, ni bàbá mi wí. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò rí àlàyé mìíràn fún ni ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń gbọ́ àwọn àwo náà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá mi ká páálí pélébé sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kan, ó sì dúró dáadáa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún ká òmíràn sí i, lẹ́yìn náà òmíràn. Ó rò pé ẹ̀rọ ló ti gbó. Èmi ń wo páálí tó ń ga sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn, mo sì mọ̀ pé ilẹ̀ yàrá òkè ló ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọkọ mi," ni ìyá àgbà pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pe gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀, "ilé yìí ń bu erùpẹ̀ sí mi lómi bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Faransé nìyẹn?"

Mo ní kó jẹ́ kí a gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sí yàrá tèmi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Inú yàrá yìí ni wọ́n mú mi wọ̀ níyàwó. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí mo tún ń lọ láti ibí." Ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ pẹ́pẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Adido. Ó ń fi àdá gé ẹ̀ka kajú, kò sì dáwọ́ dúró bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí yàrá òkú kí a lè kó àwọn àwo náà síbẹ̀.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé bàbá rẹ ló rán ọ?"

"Rárá, bàbá. Èmi ni mo wá fúnra mi. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ìyá àgbà."

"Ẹ wá fẹ́ kó orin òyìnbó lé bàbá wa láyà." Ó nu ojú àdá mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. "Kí bàbá rẹ tà á. Kó dáná sun ún. Kọ́kọ́rọ́ tèmi kò ní jáde."

"Bí òkè bá wó ńkọ́?"

"Ṣé ó ti wó?"

Kò tíì wó.

Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ògiri sì ń mu omi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìkùukùu dúdú ti bo orí òkè àpáta, bàbá mi gbé àwo kan sórí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ náà kò dúró rárá. Ó gba ojú àwo kọjá láti etí dé àárín pẹ̀lú igbe kan tí mo ṣì lè gbọ́ bí mo bá dákẹ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà, ó fi ìka kan àwọn páálí tí òun fúnra rẹ̀ ti ká síbẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí.

"O ti mọ̀," ló wí.

"Mo rò ó, bàbá. N kò lè fi ẹ̀rí hàn yín."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí fún ẹni tó ń ṣàìsàn, òun kò lè ta àwo náà; ẹ̀gbọ́n òun kò sì ní ṣílẹ̀kùn; ṣùgbọ́n ìyá òun kò gbọ́dọ̀ tún sùn sí yàrá yẹn lónìí. Ìyá àgbà wò ó, ó wo àjà, ó wo èmi náà. N kò rí i kí ó wo nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé òun ló ni ọkọ mi?" Ó dìde. "Ọkọ mi, gbé àáké wá."

Bàbá mi ní, "Ìyá!" Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀yìn àáké lu àgádágodo yẹn. Kò gbà kí a bá òun lù ú. Nígbà tó já, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ lórí síméńtì náà.

"Olówó orí mi, ẹ má bínú. Àlejò ni mo mú wá. Wọn kò gbọ́ èdè yín, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀tá. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí, ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀."

A kó àwọn àwo náà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá òkú bí òjò ṣe ń rọ̀. A gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn, díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi bá kan pákó lókè, mo máa ń dúró kí n tó mí.

Òkè náà kò wó. Kò wó lọ́jọ́ náà, kò sì tíì wó di òní. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti Adido, ó dúró síta, ó wo àgádágodo tó já, kò wọlé. "Ẹ ó rí i," ló wí, ó sì lọ. Láti ìgbà náà, kò wá gbá yàrá náà mọ́. Nígbà tí ibà dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ránṣẹ́ sí wa pé ìbínú òkú ti bẹ̀rẹ̀. Ara ìyá àgbà yá, ó sì ránṣẹ́ padà pé òun kí i, pé òun ṣì ń retí kó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ mo rí i pé tí àìsàn kan bá ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé, bàbá mi máa ń wo ìhà ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn kó tó wá oògùn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí. Nǹkan méjì ni wọ́n sọ fún wa pé ó ń bọ̀. Èmi sọ pé òkè yóò wó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ pé òkú yóò bínú. Ìkankan nínú wọn kò tíì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi, a kò lè dán an wò mọ́, nítorí a ti gbé ẹrù kúrò; ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ní ọjọ́ tó máa parí, ó lè dúró dè wá títí ayé. Nínú ẹbí wa, àwọn kan gbà pé ìbẹ̀rù ọmọ ìwé ló tú agboolé ká. N kò bá wọn jiyàn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n má sọ ohun tí n kò lè fi hàn, n kò sì lè fi èyí hàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí mo fi lè ní ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè: kí a ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ìyá àgbà sì sùn sí yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn. Mo gbà kí n má ní ẹ̀rí náà.